Iyọ̀ tí Mo Fi Sí Ẹja Marielvis

Nígbà tí Marielvis fi ìdí ti ilẹ̀kùn wọlé, tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja mọ́ àyà, Nicasia aládùúgbò mi ṣì wà láyé. Òun ló kọ́kọ́ gbóòórùn ẹja náà láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Evelio, olùkọ́ Marielvis, náà ṣì wà láyé. Oṣù kẹjọ ni, odò Orinoko ti kún, ẹja sapoara sì ń gòkè bọ̀ bó ti máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún.

"Ẹni tó bá se ẹja tí kò pe Nicasia, egungun á há a lọ́fun!" ni Nicasia ké.

"Ẹ má bínú, Ìyá Nicasia," ni Marielvis dáhùn. "Ẹja ìwé nìyí. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi sí ìlú Bolívar yìí, n kò tíì rí sapoara tó wọlé lóṣù kẹjọ tí kò wọ ìkòkò.

Ọmọ ọmọ mi ni Marielvis. Ìyá rẹ̀ wà ní Chile, ó ń tọ́jú arúgbó àwọn ẹlòmíràn, èmi ni mo tọ́ ọmọ dàgbà. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ó ń lé èkejì. Lókè odò, àwọn awakùsà ń fi májèlé kan fọ wúrà, omi sì ń gbé e bọ̀ wá bá wa. Iṣẹ́ Marielvis ni kó wọn bí májèlé náà ti pọ̀ tó nínú ẹja tí à ń jẹ. Mẹ́rìnlélógún ni ẹja náà. Ó gbà wọ́n lọ́wọ́ apẹja níbi mẹ́rin lórí odò, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, ó sì kọ nọ́ńbà sára ọ̀rá náà. Fírísà ilé-ìwé wọn ti kú láti ọjọ́ tí olè ti hú wáyà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja ṣe wọ inú tèmi, níbi tí mo ti ń fi omi èso dídì tí mò ń tà sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Evelio wá wò wọ́n lọ́jọ́ kejì. Ará Mérida lórí òkè ni. Ogójì ọdún sẹ́yìn ló wá kọ́ni fún oṣù mẹ́fà péré, wọ́n fún un ní orí sapoara jẹ. Àlejò tó bá jẹ orí sapoara kì í kúrò lọ́dọ̀ wa mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Spain. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tú ká, òmíràn ń wa takisí ní Lima. Òun nìkan ló kù tó mọ iṣẹ́ Marielvis. Ó ti rù débi pé okùn ló fi so ṣòkòtò mọ́dìí.

"Ìyá Eudocia," ó ní, ó tẹjú mọ́ fírísà, "ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í o. Àwọn orí yẹn ń pè mí lórúkọ."

"Ẹ ti jẹ ọ̀kan rí. Ẹ wo ibi tó bá yín dé."

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.

Lóṣù kẹsàn-án ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá sí ẹ̀ka wọn. Rodulfo lorúkọ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kọ́ ló yàn án, ẹgbẹ́ òṣèlú ló rán an wá. Kò tíì jókòó gbóná tó fi lẹ ìwé mọ́ géètì ilé-ìwé: ẹni tí kò bá mú iṣẹ́ rẹ̀ wá kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá, tòun ti ìbuwọ́lù olùkọ́ rẹ̀, ó ti pàdánù nìyẹn, nítorí wọn yóò ti ẹ̀ka oyè kejì pa. Ọdún karùn-ún rèé tí Marielvis ti wà lórí oyè ọdún méjì. Bí àwọn olùkọ́ kò bá yanṣẹ́ lódì, àwọn ọmọléèwé á wọ́de. Bí ìyẹn bá rọlẹ̀, omi á ṣẹ́ nínú ilé-ìwé.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ṣì lè wọn májèlé náà, ní Caracas ló wà. Lóṣù kẹwàá, Marielvis wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá ọjọ́ fún un.

"Ìyá àgbà, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín," ó ní lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bàjẹ́."

"Máa lọ. Ṣebí èmi ni mo wà níbí."

Ọjọ́ tó lọ gan-an ni iná lọ. A rò pé yóò dé lọ́jọ́ kejì. Kò dé. Fóònù kú. Mo wá áísì kiri títí dé ẹ̀bá odò, àwọn apẹja ní àwọn pàápàá ń wá a. Lọ́jọ́ kẹta, omi ń kán lábẹ́ fírísà, òórùn sì ti ń yọ.

"Eudocia, ṣé o fẹ́ jókòó máa wo ẹja títí kòkòrò fi máa jẹ ẹ́ ni?" Nicasia ti wọlé, ó fi aṣọ bo imú. "Ṣé ìyá rẹ kò kọ́ ọ níṣẹ́ ni?"

Ìyá mi kọ́ mi níṣẹ́. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà lẹ́bàá odò yìí ló mọ ohun tí à ń fi ẹja ṣe bí iná bá lọ. Mo tú wọn sórí tábìlì, mo là wọ́n láti ẹ̀yìn, mo kó ìfun àti ẹ̀dọ̀ dà fún ajá, mo fi iyọ̀ ra wọ́n tinú-tẹ̀yìn, mo sì sá wọn sórí páànù nínú oòrùn. Nicasia ń bá mi lé eṣinṣin. Àwọn ọ̀rá náà, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo ká wọn jọ, nítorí ọ̀rá wọ́n. Ẹja mẹ́rìnlélógún pé, ìkankan kò jẹrà. Inú mi dùn bí ẹni gba ẹ̀bùn.

Marielvis dé lọ́jọ́ karùn-ún. Ó ń sáré wọlé, ó ń sọ pé wọ́n ti dá ọjọ́ fún òun. Ó ṣí fírísà. Ó yíjú sí àgbàlá, ó rí páànù.

"Ìyá àgbà, ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Kà wọ́n, ìkankan kò bàjẹ́."

"Nọ́ńbà wọn ńkọ́?"

Mo gbé ọ̀rá fún un. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn sókè wo ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán.

"Ká ní wọ́n jẹrà," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ̀rọ á ṣì rí májèlé nínú wọn. Ká ní wọ́n jẹrà nínú ọ̀rá wọn. Báyìí, n kò mọ ibi tí ìkankan nínú wọn ti wá mọ́."

Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo.

Èmi, Marielvis àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Evelio la lọ bá Rodulfo, torí sapoara kò ní gòkè mọ́ títí di oṣù kẹjọ tó ń bọ̀. Mo gbé ẹja mẹ́ta dání kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

"Màmá, ẹ̀bùn ni ẹ gbé wá fún mi?" ló fi kí mi.

"Ẹ̀rí ni, ọ̀gá. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, ẹ má fi jẹ ọmọ yìí níyà. Ẹ fún un títí di oṣù kẹjọ."

"Ìwé ti jáde, Màmá, n kò lè gbà á padà." Ó kọjú sí Marielvis, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bíi bàbá ọmọ. "Kí lo wá ń dààmú ara rẹ sí? Nọ́ńbà ṣáà ni. Jókòó, kọ wọ́n. Kọ ọ́ pé odò mọ́. Ta ló máa lọ wọ̀n ọ́n wò? Bí olùkọ́ rẹ bá buwọ́ lù ú, màá buwọ́ lù ú, o di ọ̀mọ̀wé, inú gbogbo wa á dùn."

Ojú ọ̀nà ni Marielvis ti bi Ọ̀jọ̀gbọ́n Evelio léèrè.

"Bí mo bá kọ ọ́, ṣé ẹ máa buwọ́ lù ú?"

Ó dúró kó lè mí. "Ọmọ mi, mú un wá, màá kà á. Ohun tí mo lè sọ lónìí nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìwé funfun fi wà lórí tábìlì tí Marielvis kò kọ nǹkan kan sí i. Ọ̀sẹ̀ tí oṣù kejìlá wọlé ló kọ ọ́. Mo ń wò ó bó ti ń fi bíró to nọ́ńbà sísàlẹ̀, mẹ́rìnlélógún, láìwo ibì kankan. Mo gbé kọfí fún un. Ẹnu wo ni mo ní láti fi sọ̀rọ̀?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, ó kó ìwé lọ sílé Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó pẹ́ kó tó dé. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Ojú ibi ìbuwọ́lù ṣófo.

"Kò gbà?"

"Inú àwọ̀n tó so rọ̀, tó ń sùn sí, ni mo bá a, Ìyá àgbà. Awò rẹ̀ wà lójú. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù."

Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ó ti mú bíró. Ọdún márùn-ún ló ti ń rí bí ọkùnrin yẹn ṣe ń buwọ́ lùwé, ó lè ṣe é bí ẹni pé òun ni. Aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀. Ọ́fíìsì Rodulfo kò jìnnà. Mo dì mọ́ ẹ̀yìn àga, mi ò sì mọ ohun tí mò ń gbàdúrà fún.

Ó yí ìwé náà dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ Evelio Santeliz síbẹ̀, olùkọ́ fún ogójì ọdún, pé ó kú lónìí, pé kò ní ẹbí nítòsí, kí gbogbo ẹni tó kọ́ jọ̀wọ́ wá sin ín.

"Kò sí gọ́ọ̀mù nílé," ó ní.

Mo bu ìyẹ̀fun gbágùúdá sínú ìkòkò kékeré, mo gbé e kaná láti fi ro lẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń rò ó nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì lu méjìlá. Marielvis kò gbójú sókè. Ó di ìwé náà mú létí méjèèjì, ó ń dúró de lẹ́ẹ̀ kó lè lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì.