Rọ́bà Inú Ìgò

Bí àríyànjiyàn bá ń lọ níbì kan tí ọkùnrin yìí bá ti dé, ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn. Kì í ṣe pé ó gbọ́n ju àwọn yòókù lọ o. Ọ̀rọ̀ kan ló ní tó fi ń dí gbogbo wọn lẹ́nu: "Ojú mi ló tó o." Ohun tí kò bá ṣojú rẹ̀, kò ṣẹlẹ̀. Ohun tó bá sì ti rí lẹ́ẹ̀kan péré, òfin ni. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ojúmilótó lẹ́yìn, bí wọ́n bá tún dé iwájú rẹ̀, wọ́n á ní "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o" bí ọmọ tí kò mọ nǹkan kan.

Ilé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ti ń dín ọ̀dùnkún. Wọ́n á gé e pẹ́lẹ́bẹ́-pẹ́lẹ́bẹ́, wọ́n á dín in, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, ọkọ̀ á sì kó o lọ. Ilé méjì ló wà nínú ọgbà náà. Ọ̀kan ni ibi tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún tútù sí. Èkejì ni yàrá agbada, níbi tí agbada irin kan wà tó gùn tó ibùsùn, tí epo ń hó nínú rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àbúrò yìí ló ń dúró ti agbada, kò sì gbà fún ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù fún ara wọn láyé. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀, yẹ̀yẹ́ ló máa ń fi í ṣe pé, "Òórùn epo ẹ ti ń ṣíwájú ẹ wọlé."

Òrùlé yàrá agbada ló dá wàhálà sílẹ̀. Òrùlé pẹrẹsẹ ni, kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan tí omi lè bá sáré lọ, awọ tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ láti dí omi sì ti gbó, ó ti sán. Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá ń kásẹ̀ ńlẹ̀, ẹ̀kán omi kan kán sínú epo gbígbóná. Ẹ̀kán kan ṣoṣo o. Epo náà ta sókè pẹ̀lú ariwo, ó sì bọ́ sí obìnrin náà lọ́wọ́. Àpá rẹ̀ kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ohun tí omi ń fojú epo gbígbóná rí kì í gbàgbé. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n ní òjò mìíràn ò ní bá òrùlé yẹn bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ òrùlé kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kòjòmọ́, ọkùnrin tí kò lè sọ̀rọ̀ méjì kó má fi ẹ̀rín sí i. Ó mú awọ òrùlé mẹ́ta dání, ó gé wọn kékeré, ó so wọ́n mọ́ òrùka irin bíi kọ́kọ́rọ́.

"Ọ̀gá mi, ẹ wò wọ́n," ó ní. "Èyí tí wọ́n rì sínú ọ̀dà títì yìí, iná la fi ń lẹ̀ ẹ́, èmi ò sì ní fi iná ṣeré lórí epo yín. Ẹ jẹ́ ká gbé e tì. Ó ku rọ́bà dúdú àti ike funfun. Rọ́bà le, oòrùn ò rí i gbé ṣe. Àmọ́ kò fẹ́ràn epo. Ike yìí ni epo ò lè mú."

"Epo wo ló dé orí òrùlé?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. "Ṣebí inú agbada lepo wà."

"Bọ̀ọ̀dá, èéfín tó ń gba páìpù jáde ńkọ́?" Àbúrò rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Epo ni. Mo gòkè lọ lánàá, díẹ̀ ló kù kí bàtà yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ nídìí páìpù yẹn. Ike funfun ni ká lò."

"Rọ́bà ni bàbá wa tẹ́ sórí ilé ọ̀dùnkún. Láti kékeré mi, ẹ̀kán omi kan ò kán síbẹ̀ rí. Ojú mi ló tó o."

"Ilé ọ̀dùnkún ò ní páìpù èéfín."

Kòjòmọ́ rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. Ó mọ èyí tó jóòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì mọ ẹni tó ránṣẹ́ pe òun. "Ẹ̀yin lẹ nilé," ó ní. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Obìnrin náà kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó wá ìgò kan tó fẹnu gbòòrò, ó bu epo inú agbada sí i, ó já rọ́bà kúrò lára òrùka Kòjòmọ́, ó sì sọ ọ́ sínú rẹ̀. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń fojú rí nǹkan," ó ní. "Ó yá, ẹ máa wò ó." Ẹ̀gbọ́n gbé ìgò náà sójú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ọ̀dùnkún, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti máa ń bọ́ sí.

Ẹni tó bá ti mọ èsì tó fẹ́ gbọ́, ìdánwò rẹ̀ kì í pẹ́ rárá. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tó fi ẹ̀mú fa rọ́bà náà jáde. Ó nù ún, ó tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ńṣe ló ń dán gbinrin. Ó pe àbúrò rẹ̀ wá wò ó.

"Kí ni mo wí? Ojú mi ló tó."

"Bọ̀ọ̀dá, ìgbà wo ló débẹ̀? Ojoojúmọ́ ni páìpù yẹn ń tu epo. Ẹ dá a padà kó pẹ́ níbẹ̀. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

"Igi wo ló tún hù sórí òrùlé?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó dá rọ́bà padà sínú epo kí ẹnu àbúrò rẹ̀ lè sinmi, ó fa kọ́tìnì bo fèrèsé nítorí oòrùn, kò sì kúrò lórí ìdúró tó fi pe Kòjòmọ́ pé kó máa kó rọ́bà bọ̀.

Iṣẹ́ náà dára lójú, irọ́ ò sí níbẹ̀. Òrùlé dúdú, ó tẹ́ rẹrẹ, àwọn ará ọgbà kejì pàápàá wá wò ó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ kí obìnrin yìí tó tan iná sábẹ́ agbada, á kọ́kọ́ gbójú sókè wo àjà. Kò jiyàn mọ́, kò sì bẹ̀bẹ̀. Èmi ò mọ ohun tó ń dẹ́rù bani tó kí ẹni tó máa ń jiyàn dákẹ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Ní ọ̀sán kan, ẹ̀gbọ́n ń wo ìta láti fèrèsé kejì nígbà tó rí ológbò aládùúgbò lórí òrùlé. Ó jókòó sídìí páìpù, ó dijú, ó ń lá rọ́bà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́ lé e, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá sọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Àbúrò rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń lá níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá?"

"Bóyá ọmú ìyá ẹ̀ ló ń wá."

Lọ́jọ́ kejì, ológbò náà mú àwọn mìíràn wá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ti tó rọ́bà tó ń dán, kí ni ológbò fẹ́ sọ fún un? Kò gun òrùlé lọ wò ó.

Òjò àkọ́rọ̀ ṣú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n ilẹ̀kùn jìgìjìgì. Ẹ̀gbọ́n dìde láti ti fèrèsé, atẹ́gùn sì ká kọ́tìnì lé e lójú. Nígbà tó já a kúrò, ìgò ló kò lójú.

Ó ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Rọ́bà náà ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ó ti kún ìgò láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ó ki ìka méjì bọ̀ ọ́ láti fà á jáde, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò ní agbára kankan mọ́. Ohun tó kù sí i ní ìka kò ju ẹrẹ̀ dúdú lọ.

Ó gbójú sókè, ó wo òrùlé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ológbò ti sá lọ, omi sì ti ń rọ́gún sídìí páìpù, kò rí ibi kankan lọ. Ó sáré.

"Ẹ pa iná! Ẹ jáde! Ẹ jáde!" Ó ń pariwo lórí àtẹ̀gùn, ó ń pariwo nínú ọgbà, òjò àti fáànù páìpù bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá agbada, ó bá gbogbo òṣìṣẹ́ tí wọ́n dúró síta lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àǹtí ló ní ká jáde," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Wọ́n ní tójò bá ti ṣú, kẹ́nikẹ́ni má dúró lábẹ́ páìpù yẹn. Àwọn fúnra wọn ló ń paná."

Ó yọjú wọlé. Ó rí i lóòótọ́, òun nìkan, ó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lára kọ́ọ̀kì gáàsì. Lókè orí rẹ̀, àjà ti wú wálẹ̀ bí ikùn aláboyún. Ẹ̀gbọ́n fi orúkọ tí ìyá wọn máa ń pè é ní kékeré kígbe pè é. Ó yíjú sí i. Àjà já.

Ẹ̀gbọ́n kò rí omi tó já bọ́. Ohun tó rí ni epo tó dìde dúró.

Obìnrin náà kò kú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Wọ́n fi báńdéèjì wé apá rẹ̀ àti orí rẹ̀, wọ́n wé ojú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ní ó di ìgbà tí àwọn bá tú u kí àwọn tó mọ̀ bóyá á ríran. Kòjòmọ́ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kò rẹ́rìn-ín, ó sì padà lọ.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Kò tíì fọwọ́, ẹrẹ̀ dúdú yẹn ṣì wà ní ìka rẹ̀. Ó rò pé àbúrò òun ti sùn.

"Bọ̀ọ̀dá," ni obìnrin náà wí. "Òórùn epo yín ti ṣíwájú yín wọlé."

Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà.

"Ṣé gbogbo wọn jáde?"

"Gbogbo wọn jáde."

"Rọ́bà inú ìgò ńkọ́? Ṣé ẹ wò ó?"

"Mo wò ó."

"Kí lẹ rí?"

Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ kan tí epo kò jó mú, ó fi ìka obìnrin náà kan ẹrẹ̀ tó wà ní ìka tirẹ̀. Obìnrin náà fi àtàǹpàkò ra á, ó tún ra á, títí ó fi tú.

"Ìgbà wo lẹ wò ó?" ó bi í.

"Lónìí," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì kọjú sí ògiri.