Ọta Wẹ́wẹ́

Sèbé ti tutọ́ sí Ìyá lójú. Arúgbó náà fara ti igun àgọ́ tí wọ́n ti ń yan ẹja, ó ń fi ìbòrí nu ojú, ó ń pe Olúwa jẹ́jẹ́. Ejò náà ṣì gbórí sókè láàárín ilé, ọrùn rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀.

"Ìyá, ẹ má mira," ni Rebecca, ìyàwó ọmọ rẹ̀, sọ. Ìbọn ọkọ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lazarus, ọkọ rẹ̀, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yìn ín kí ó tó wọ ọ̀sà lọ pẹja, nítorí etí omi ni wọ́n ń gbé ní Bariga, ejò a sì máa sá wọ inú igi ìdáná nígbà òjò. Ọta wẹ́wẹ́ ni ó máa ń kì sínú ṣakabùlà náà, òjé tí ó gé kéékèèké bí ọkà bàbà. Ó ní irú ọta bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́n ká: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò ní tàsé orí ejò, ọta náà kò sì ní lágbára láti gba pákó kọjá. Lẹ́yìn pákó tí ejò fi ẹ̀yìn tì yìí ni Ayọ̀tọ̀míwá, ọmọ wọn, ti ń sùn.

Rebecca fẹ́ fa ìbọn náà nígbà tí ó rántí Wonder. Àbúrò Lazarus ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣọ́ àdúgbò nítorí olè láti ìgbà tí sójà ti gbé ìjọba sílẹ̀. Òun ló gbé ìbọn lọ ṣọ́ òru àná. Àfọ́kù ìkòkò irin ni wọ́n ń kì fún olè, kò sì sí ẹni tí ó lè wo ẹnu ṣakabùlà kí ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó gbé ìbọn sílẹ̀. Ó fa ìtì igi tí iná ń jó lábẹ́ ẹja yọ, ó sì là á mọ́ ejò lórí. Sèbé ṣán igi náà. Ó tún là á. Ìrù ejò wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, iná ń bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí orí ejò ti di ẹran àlọ̀, ó ṣì ń lù.

Omi ni ó ń bù sí Ìyá lójú nígbà tí Wonder wọlé pẹ̀lú orín lẹ́nu. Ó wo ejò, ó wo ìbọn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ìbọn wà ńlẹ̀, o wá ń fi igi gún ejò bí iyán?"

"Gbajúmọ̀, kí ni ẹ kì sínú rẹ̀?"

Ó ní kí ni ì bá tún jẹ́ bí kì í bá ṣe ọta wẹ́wẹ́. Òun fúnra òun ló tún un kì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní obìnrin tó ń bẹ̀rù ìbọn kò gbọdọ̀ máa fi ọta kẹ́wọ́.

Rebecca fi ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó gbé ìbọn náà. "Wonder," ni ó sọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọlé ọkọ, kò pe orúkọ náà rí. "Wọlé lọ gbé ọmọ mi jáde, kí o dúró síbi tó sùn sí. Mo fẹ́ yìn ín mọ́ pákó."

"Ìyá, ẹ gbọ́ nǹkan tó ń sọ?"

"Mo gbọ́," ni Ìyá dáhùn láti abẹ́ aṣọ tútù. "Bó bá dá ọ lójú, lọ dúró."

Orín dúró lẹ́nu Wonder. Kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òru àná le, pé wọ́n lé olè dé àdúgbò Pedro, pé oorun ti ń kun òun nígbà tí òun ń kì í, bóyá...

Rebecca kò dúró gbọ́ bóyá. Ó lọ sí etí omi, ó kọ ẹnu ìbọn sí ọkọ̀ ògbólógbòó kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, ó fà á. Irin wọ ẹ̀gbẹ́ kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Ihò tí ó lu gba orí ọmọ.

Nínú ilé, Ayọ̀tọ̀míwá figbe ta. Wonder, tó ti tẹ̀lé e dé etí omi, na ọwọ́ kí ó gba ìbọn.

"Kò ní bá ọ ṣọ́ òru mọ́," ni Rebecca sọ. "Sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ kí wọ́n wá tiwọn."

Ó gbé ìbọn wọlé tọ ọmọ rẹ̀ lọ. Wonder tẹ̀lé e wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá ejò náà mú níbi ìrù, ó sì wọ́ ọ jáde.