Ọkọ̀ Tó Gbè Lẹ́yìn Làmídì

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi, jókòó kí n rọ́ àlá àná fún ọ kí ó tó bọ́ lórí mi.

Mo bá ara mi nínú ọkọ̀ kan lórí ọ̀sà. Ara ọkọ̀ náà jẹ́ méjì bí ìbejì, ìró ìyá mi ni wọ́n ta ṣe ìgbòkun. N kò mọ ẹni tó ta á. Pátákó ìtọ́kọ̀ méjì rì sómi lẹ́yìn, ọ̀pá kan ló so wọ́n pọ̀, ọ̀pá ọ̀hún sì wà lọ́wọ́ mi. Ta ló jókòó níwájú? Làmídì! Làmídì tó fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n ẹja mi sí wẹ́wẹ́, tó tún fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́ lónìí."

Àwọn òpó ọgbà ẹja yọ ṣóńṣó lápá òsì. Mo ti ọ̀pá sósì tagbára-tagbára, kí n lè gbé e kọlù wọ́n. Ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún! Èmi tí mo fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ dàgbà, ta ló sọ fún mi pé òdìkejì ni ìtọ́kọ̀ ń gbọ́? Bí mo ṣe ń tì í tó ni à ń jìnnà sí òpó, títí a fi gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀.

Làmídì bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ mà mọ ọkọ̀ wà o!"

Ìbínú ló jí mi. Mo tún dijú pinpin, bóyá màá bá a lórí omi. Oorun kọ̀.