Ọkọ̀ Tí Kì Í Bẹ̀rù Ẹrẹ̀

Èmi ni mo ní ká yà sí ọ̀nà igbó yẹn, kí ìyàwó mi lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀. Lóòótọ́, kò bẹ̀rù. Ó wọ inú ẹrẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀.

Mo tẹ iná títí, táyà kàn ń yí lójú kan. Ìyàwó mi bọ́ sílẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó fi èjìká ti ọkọ̀ lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ ṣe yọ báyìí, mo já lọ bí ọfà, mo ń pariwo: "Ṣé o rí i? Ṣé mi ò sọ fún ẹ?"

Àga ẹ̀gbẹ́ mi ò dáhùn.

Mo dúró dè é. Ó dé, ẹrẹ̀ bò ó dójú. Ó kọjá ilẹ̀kùn tí mo ṣí, ó gun ibi ẹrù lẹ́yìn, ó gbá ara ọkọ̀:

"Dírẹ́bà, ẹrù ti pé. Máa lọ!"