Ikọ́ Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Lásìkò náà, kó o tó fẹsẹ̀ kan wọ ilé wọn, ọwọ́ rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ìyá Ológoṣẹ́ á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹ̀ṣọ́ báńkì, á nawọ́ sí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò sì ní kúrò lójú ọ̀nà títí ọṣẹ á fi hó dé ọrùn ọwọ́ rẹ. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí pé gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pákó máa ń gbẹ mọ́ ọn léèékánná.

"Mo ti fọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù," ọkọ rẹ̀ á ní.

"Ẹ tún un fọ̀."

"Ìyá Ológoṣẹ́, tí mo bá tún un fọ̀, awọ á bó."

"Tó bá bó, ẹ fọ ti abẹ́ rẹ̀."

Ẹ̀rín máa ń pa ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kì í rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ní ihò kékeré kan nínú ọkàn. Ológoṣẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé, torí pé ó rí tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Dókítà tó mọ iṣẹ́ abẹ náà ṣe kò gbé nítòsí. Á wá lo ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ìwòsàn, á tún lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé Ológoṣẹ́ lọ bá a, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá wọn padà. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀fìnkìn ni. Lẹ́ẹ̀kejì, ikọ́ ni. Wọ́n ní àwọn ò lè fún ọmọ tó ń wúkọ́ ní oògùn oorun kí àwọn sì ṣí i láyà. Ní báyìí, bí ọmọ náà bá sáré díẹ̀, ètè rẹ̀ á ṣú, dókítà sì tún ti ń bọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ lágbára tó lè bá àìsàn jà," nọ́ọ̀sì àgbà ti sọ fún Ìyá Ológoṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, bó ṣe ń rìn lọ ló ń sọ̀rọ̀. "Kó máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́, kó máa sùn dáadáa, kí gbogbo ilé máa fọwọ́, kí fèrèsé máa wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó jìnnà sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Lójú nọ́ọ̀sì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú Ìyá Ológoṣẹ́, ilẹ̀kùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rọ̀ náà, àìsàn wà lẹ́yìn gbogbo wọn, òun nìkan ló sì ń ti gbogbo wọn mọ́ ọn.

Alágbàfọ̀ ni. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ èèyàn ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́: bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, kọ́là tó ti dọ̀tí, hánkáṣíìfù. Tẹ́lẹ̀, kì í tiẹ̀ wo hánkáṣíìfù lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí, igi ló fi ń gbé e.

"Ṣé ejò wà níbẹ̀ ni?" obìnrin tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í.

"Ejò sàn," ó dáhùn. "Ejò, mo máa rí i."

Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bá wọn gbé, náà ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mọ́ Ìyá àgbà lára láti máa fi ẹnu fẹ́ oúnjẹ tó gbóná kí ọmọ tó jẹ ẹ́. Ìyá Ológoṣẹ́ fi abẹ̀bẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ kó má bàa dà bí ìwọ̀sí.

"Ẹnu yìí ni mo fi fẹ́ oúnjẹ ọkọ ẹ," Ìyá àgbà sọ, bó ṣe ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àwo ẹ̀wà. "Wo bó ṣe tóbi."

Gbogbo ìyẹn dáa. Oorun ni kò dáa. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọ́n ti ń da aṣọ bo Ológoṣẹ́, àmọ́ ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó sùn dénú. Á wọlé wá, á fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, bóyá ó gbóná. Á jáde, ẹ̀rù á tún bà á, á padà wá gbé etí lé e lẹ́yìn. Á jí i kó mu omi. Á bi í bóyá ọ̀fun ń dùn ún. Nígbà tí tíṣà ránṣẹ́ wá pé ọmọ náà ń sùn lórí tábìlì ní kíláàsì, Ìyá Ológoṣẹ́ ní ọkàn ọmọ náà ló ti ń rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ọmọ yẹn ń tòògbé ni," Ìyá àgbà sọ.

"Kí ló máa mú un tòògbé, Màmá? Kò sẹ́ni tó ń tètè sùn tó o nílé yìí."

"Mo mọ ìgbà tó ń sùn. Iye ìgbà tí wọ́n ń jí i ni mi ò mọ̀."

Ìyá Ológoṣẹ́ gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gba gbogbo àyè tí ọ̀rọ̀ náà ì bá jókòó sí.

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn nígbà tí iná lọ níbi iṣẹ́. Áyọ́ọ̀nù ò gbóná mọ́, wọ́n sì ní kí kálukú máa lọ sílé. Ìyá Ológoṣẹ́ fọwọ́, ó pààrọ̀ aṣọ, ó bá Ìyá àgbà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́.

"Ọmọ dà?"

"Ó ní òun fẹ́ sùn."

Bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ ń mi kọ́tìnnì. Ó fẹ́ pariwo, ìgbà náà ló gbọ́ nǹkan kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ohùn kékeré kan bí ìgbà téèyàn bá ń gbọn ìrọ̀rí. Ó ṣí i. Ológoṣẹ́ ló jókòó sórí bàtà láàárín àwọn aṣọ tó so rọ̀, ó ki apá gáùnù ìyá rẹ̀ bọ ẹnu, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

Ọmọ náà yọ aṣọ lẹ́nu. "Mo ń wúkọ́ ni, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná. Kò pọ̀. Ibí ni mo máa ń wá wú u sí."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ológoṣẹ́ wo bàtà. "Tí mo bá wúkọ́, ẹ kì í sùn. Tẹ́ ẹ ò bá sùn, ẹ ò ní jẹ́ kí èmi náà sùn. Etí yín sì máa ń tutù lẹ́yìn mi."

Ìyá Ológoṣẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Òórùn káńfọ̀ àti eruku ń jáde láti inú rẹ̀. Nínú gbogbo ilé tó ń ṣí fèrèsé rẹ̀ lójoojúmọ́, ibi kan ṣoṣo tí kò ní fèrèsé ni ọmọ rẹ̀ sá sí, òun ló sì lé e débẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ikọ́ náà ò pọ̀. Tí wọ́n bá bi wá, a lè ní kò wúkọ́."

Ọkọ rẹ̀ ń fi abẹ kékeré ha gọ́ọ̀mù kúrò ní èékánná. Ó dúró. "Kí wọ́n wá fún un lóògùn oorun, ká jókòó síta, ká máa wo ara wa lójú?"

Ìyá Ológoṣẹ́ gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó gbé e lọ sí yàrá Ìyá àgbà, ó sì fún ọkọ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ọmọ pé kó pa á mọ́ lọ́wọ́, kí òun má bàa wọlé lọ jí ọmọ lóru.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà béèrè bóyá ọmọ náà wúkọ́. Ìyá Ológoṣẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ọṣẹ ti jẹ. Irọ́ náà ti wà létè rẹ̀, ó kéré, ó sì rọrùn.

"Ó wúkọ́," ó sọ. "Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ti ń wú u, torí mi." Ló bá rojọ́ gbogbo rẹ̀, títí dórí etí tó ń tutù.

Dókítà gbọ́ àyà ọmọ náà. Ó ní àyà mọ́, àmọ́ òun ò ní ṣe é lónìí. "Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ tó kẹ́yìn kí n tó lọ. Tó bá ṣì ń wúkọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Nọ́ọ̀sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró kó tó sọ̀rọ̀. "Ìyá, inú oorun ni ara ọmọ ti ń kó agbára jọ. Ẹ má jí i mọ́. Ẹ sì jẹ́ kó wúkọ́ ní gbangba, ká lè mọ̀."

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, wọn ò fi ọwọ́ fífọ̀ sílẹ̀, wọn ò sì fi ọsàn àti ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Wọ́n kó gbogbo aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù sá sóòrùn, wọ́n nu inú rẹ̀. Nídìí oúnjẹ, Ológoṣẹ́ wúkọ́ sí ìgúnpá rẹ̀, ó kéde: "Mo wúkọ́ o." Kò sẹ́ni tó dìde. Ìyá rẹ̀ rọra gbé ṣíbí dé ẹnu.

Nígbà tó di ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọmọ gan-an ni nọ́ọ̀sì bi léèrè. "Ṣé o wúkọ́ láti àná?"

"Rárá, mà. Àmọ́ ẹ má bi màmá mi, wọn ò lè mọ̀. Wọ́n ń hanrun. Ìyá àgbà ní gbogbo ilé ń mì."

Dókítà gbọ́ iwájú àyà, ó gbọ́ ẹ̀yìn, ó tún padà síwájú. Nígbà tí ọkùnrin náà yọ ẹ̀rọ kúrò létí, ó mi orí sí nọ́ọ̀sì. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ológoṣẹ́ bọ́ bàtà sàńdà rẹ̀, ó kó o fún ìyá rẹ̀, ó wá gbójú sókè wo dókítà.

"Ṣé ẹ ti fọwọ́?"

"Mo ti fọ̀ ọ́."

"Ẹ tún un fọ̀."

Ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ pa dé. Ìyá Ológoṣẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, sàńdà kékeré méjèèjì wà lórí itan rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò bà á. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó fẹ́ lọ gbé etí lé ilẹ̀kùn náà. Ọkọ rẹ̀ kàn wò ó. Ó padà jókòó.