Ògbufọ̀ Leonsio

Lọ́dún tí ìbọn ń dún ní Warri bí ẹni ń yan àgbàdo nínú agbada, ilé Adépọ̀jù ní Okere ni gbogbo obìnrin àdúgbò ń rọ́ lọ tó bá di ìrọ̀lẹ́, kí kọ́fíù, òfin kónílé-ó-gbélé, tó wọlé. Kì í ṣe pé ògiri ilé náà nípọn ju ti ẹlòmíì lọ o. Tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ ló tóbi. Adépọ̀jù, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta táyà, ló rà á, ó sì fẹ̀ débi pé tí òyìnbó inú rẹ̀ bá sín, ẹni tó jókòó níwájú á nu ojú. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kéré ní tiẹ̀, àmọ́ ariwo rẹ̀ ń bo ti ìbọn mọ́lẹ̀, ìdí gan-an tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Adépọ̀jù fúnra rẹ̀ ò sí nílé. Ó lọ kó ọjà ní Ṣàgámù, wàhálà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà sì dí pa. Ìyá rẹ̀ àti Bímbọ́lá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ló kù sílé. Ìyá yìí, Màmá Àgbà, ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá tọ́ Bímbọ́lá nígbà tí ìyá ọmọ náà kú. Gbogbo ọdún tó lò ní Warri, Pidgin tó gbọ́ ò ju "comot" tó fi ń lé ewúrẹ́ lọ. Bímbọ́lá ni etí rẹ̀, òun náà ni ẹnu rẹ̀. Dókítà sọ̀rọ̀, Bímbọ́lá á túmọ̀. Àwọn tó ń gé iná dé, Bímbọ́lá á túmọ̀. Tí fíìmù Mẹ́síkò bá sì bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi imú sọ òyìnbó, Bímbọ́lá á jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá bàbá rẹ̀, á máa tú u sí Yorùbá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń bó ẹ̀gúsí.

Leonsio ni ọ̀gá inú fíìmù yẹn. Arẹwà ọkùnrin, irun rẹ̀ ń dán bíi bàtà sójà. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ mu. Lọ́jọ́ Ajé, á da kọfí gbígbóná sára ìránṣẹ́. Tó bá di Ọjọ́rú, á máa fọ́n ọkà fún ẹyẹlé, omijé á máa bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, á ti Marabela, ọmọbìnrin tó ní òun ń kú lọ fún, mọ́ inú àká. Ajé tó tẹ̀ lé e, Marabela á ti wọ aṣọ ìgbéyàwó, á máa rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé ta ló ṣí ilẹ̀kùn àká. Ìyá Marabela pàápàá fọ́jú títí dọjọ́ tí wọ́n nílò kó rí nǹkan. Ó rí i tán, ó tún fọ́jú padà.

"Bímbọ́lá," Màmá Àgbà bi í lọ́jọ́ kan, "ṣé ìbejì ni ọkùnrin yìí ni?"

"Rárá, Màmá. Ẹnì kan náà ni."

"Ta ló wá ń pààrọ̀ orí fún un?"

Jemima, ọmọ Ìlàjẹ tó ń yan ẹja tà lẹ́yìnkùlé wọn, rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ ṣubú lórí àga. "Màmá, ìfẹ́ ni. Bó ṣe máa ń ṣe wọ́n lọ́hùn-ún nìyẹn."

"Kó má ṣe ẹnikẹ́ni níbí," Màmá dáhùn.

Ohun tí Màmá ò mọ̀ ni pé Bímbọ́lá ń fi oyin sí i. Leonsio á fún Marabela lọ́rùn, á ní, "Tí o bá fi mí sílẹ̀, màá pa ọ́." Màmá á ní kí ló wí. Bímbọ́lá á ní, "Ó ní òun ò lè wà láyé láìsí i." Leonsio á ní òun á dáná sun oko bàbá rẹ̀. Bímbọ́lá á ní, "Ó ní ọkàn òun ń jó." Tó bá túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, Màmá á ní kí wọ́n pa nǹkan burúkú yẹn, ìgbádùn á sì parí. Ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Bímbọ́lá alára ò gbọ́ ohun tí Leonsio ń wí mọ́, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wí ló ń gbọ́. Ẹni tó bá ń da oyin lé ewúro lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, ahọ́n rẹ̀ á gbàgbé ìkorò.

Ìgbà yẹn ni Kingsley yọjú.

Kingsley ń wa ọkọ̀ ojú omi fún àwọn òṣìṣẹ́ epo kí wàhálà tó bẹ́. Ó ga, ó mọ aṣọ wọ̀, eyín rẹ̀ sì funfun débi pé tí iná bá lọ, èèyàn lè fi ka Bíbélì. Nígbà tí gbogbo ìlú ń so ewé tútù mọ́ iwájú mọ́tò kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, Kingsley nìkan ló ń rìn fàlàlà láìmú ewé kankan dání, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Ó ń gbé búrẹ́dì wá fún Bímbọ́lá nígbà tí búrẹ́dì wọ́n ju góòlù lọ. Bímbọ́lá ò bi í níbi tó ti ń rí i.

Lọ́jọ́ kan, Ọlágbénró, tí òun àti Bímbọ́lá jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró kí i lẹ́nu ọ̀nà. Kingsley bọ Ọlágbénró lọ́wọ́, ó bá a ṣàwàdà. Ọmọkùnrin náà lọ tán, ni Kingsley bá di ọrùn ọwọ́ Bímbọ́lá mú, ó lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ.

"Next time," ó ní, ohùn rẹ̀ rọra lọ sílẹ̀, "na him mama go cry."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé mílíìkì wá, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Bímbọ́lá fà á dìde. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n rí kẹ̀kẹ́ Ọlágbénró nínú gọ́tà. Wọn ò rí Ọlágbénró.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bá Bímbọ́lá jẹun, tó ń bá a sùn. Síbẹ̀ ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé Leonsio náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní tó bá di Ajé, Kingsley á yí padà.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni ọkọ̀ Hilux kan dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwọn ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ so aṣọ pupa mọ́rí, ẹnu ìbọn sì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti alángbá tó ń ṣọ́ eṣinṣin. Kingsley wọlé, ó tẹríba fún Màmá Àgbà, ó ní "Ẹ kú," gbogbo Yorùbá tó gbọ́ nìyẹn. Ó jókòó. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tell Mama say I dey carry you go Ijala today," ó ní. "I get house there."

"Kingsley, my papa never come back."

"I no ask of papa." Ojú Màmá ló ń wò, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni ń ki ìyá àgbà náà ní oríkì. "If you say no, I go lock Mama inside this house, put fire. Oya, tell am."

Màmá wo Kingsley, ó wo Bímbọ́lá. "Kí ló wí?"

Ahọ́n ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí Bímbọ́lá tó ronú, ọ̀rọ̀ ti jáde. "Ó ní òun fẹ́ràn wa, Màmá. Ó ní ìlú ò dáa, òun fẹ́ mú mi lọ síbi tí kò séwu."

Ojú Màmá tàn bí àtùpà. "Ọmọ dáadáa. Kó máa mú ọ lọ, ọmọ mi. Ẹ̀mí tìrẹ ni kó kọ́kọ́ là. Kí ni wọ́n fẹ́ fi arúgbó ṣe?" Ló bá dìde, ó fẹ́ lọ di ẹrù fún un.

Bímbọ́lá rí i pé ẹnu ara òun lòun fi ta ara òun.

"Wetin she talk?" Kingsley bi í.

"She dey pray for you."

Ojú Kingsley rọ̀. Omi lé e. "I like Mama," ó ní, ó sì dájú pé tinútinú ló fi sọ ọ́. Èyí ló dẹ́rù ba Bímbọ́lá ju ìbọn lọ. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ìyá àgbà náà, ó sì máa sun ún. Kò sí orí kankan tó ń pààrọ̀. Orí kan náà ló gba méjèèjì láyè.

"Màmá, ẹ padà wá jókòó," Bímbọ́lá wí, ó fi ẹ̀rín sójú. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ó ní tí mi ò bá tẹ̀ lé òun, òun á tì yín mọ́lé, òun á dáná sun yín. Àwọn tó wà níta níbọn lọ́wọ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Màmá."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jáde bí èébì. Ó padà wá jókòó.

"Ṣé bí Leonsio náà ṣe ń wí nìyẹn?" ó bi í, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Gbogbo ìgbà."

Màmá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Sọ fún un pé mo gbà. Àmọ́ ní Ìjẹ̀bú tiwa, a kì í fa ọmọ fún ọkọ lọ́wọ́ òfo. Kó gbé iṣu, oyin àti iyọ̀ wá lọ́la. Kó wọ agbádá. Kó dọ̀bálẹ̀ fún mi kí n gbàdúrà sí i lórí, kí gbogbo àdúgbò rí i pé àna gidi ni. Má yọ ọ̀kan kúrò, má fi ọ̀kan kún un."

Bímbọ́lá tú u sí Pidgin bó ṣe rí. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níta fun fèrè mọ́tò. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn Bímbọ́lá bí odò Warri lásìkò òjò. Lójijì Kingsley na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Tomorrow," ó ní. "Yam wey Warri never see before."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó mú fóònù Bímbọ́lá lórí tábìlì, ó tì í bọ àpò. "If I come, I no see you..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Wọn ò di ẹrù. Jemima gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìnkùlé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, àǹtí mi wà ní Ekete." Ó gbé agbọ̀n ẹja ka Màmá lórí, ó já ewé tútù lé Bímbọ́lá lọ́wọ́, ó ní kó wolẹ̀, kó máa rìn bí ẹni ẹja ò tà fún. Ojú ọ̀nà dá bí itẹ́ òkú. Níbi tí wọ́n ti fi táyà dínà, ọmọkùnrin kan tó gbé ìbọn kọ́ ọrùn ní kí wọ́n dúró. Ó wo inú agbọ̀n, ó wo ojú Bímbọ́lá, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò. Ó mú ẹja, ó jẹ ẹ́ níbẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n dé Ekete bí kọ́fíù ṣe ń wọlé. Ẹsẹ̀ Màmá wú bí iṣu.

Lọ́jọ́ kejì, Jemima padà lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, ojú rẹ̀ kún fún eérú.

"Ó wá," ó ní. "Ó wọ agbádá. Iṣu tó kó wá ga dé ojú fèrèsé. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sí iwájú ilé, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ilé àna òun nìyí. Nígbà tó yé e pé ẹ ti lọ, ó gbórí lé iṣu, ó sunkún títí àánú rẹ̀ fi ṣe àwọn ìyàwó ilé. Lẹ́yìn ìyẹn ló da epo sára ilé náà, ó ṣáná sí i. Bó ṣe ń jó ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tó ń bẹ gbogbo èèyàn kí wọ́n bá òun pa iná náà."

Ilé lọ, tẹlifíṣọ̀n lọ, gbogbo táyà tí Adépọ̀jù kó sílé lọ.

"Ó sunkún?" Bímbọ́lá bi í.

Jemima wò ó. Màmá náà wò ó. Nínú gbogbo ohun tí Jemima kà sílẹ̀, ìyẹn ni Bímbọ́lá mú. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bí ohùn òun ṣe rọ̀ nígbà tó béèrè rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á ju tàná lọ, nítorí pé Ekete jìnnà sí Kingsley, kò jìnnà sí òun alára.

"Màmá," ó wí, "tí a bá fẹ́ sùn, ẹ bá mi di etí ìró mi mọ́ tiyín. Tí mo bá dìde, ẹ dìde pẹ̀lú mi. Tí mo bá ní mo fẹ́ lọ wò ó, ẹ má gbọ́ àlàyé kankan."

Màmá Àgbà fa ìró méjèèjì pọ̀, ó ta á ní kókó, ó fà á wò. Ó tún ta òmíràn lé e.