Ọwọ́ Òsì Jùbrílù

Ènìyàn mẹ́ta ni mo ti fọ́ eyín wọn ní Adigbe, mi ò sì bẹ ẹnì kankan nínú wọn. Mùtíù alápatà ni mí. Àáké ni mo fi ń la eegun màlúù láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, bí inú bá sì bí mi, ọwọ́ mi kì í rántí pé iṣẹ́ ti parí. Ìyá mi máa ń ní inú bíbí kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Mo máa ń dá a lóhùn pé tí mo bá di baba, màá kọ́ ọ. Mo ti bí Usamah báyìí, mi ò tíì kọ́ ọ. Lubabah ìyàwó mi nìkan ni mi ò lù rí. Mo ń fi ìyẹn yangàn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Onídìrí ni Lubabah. Ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tí ṣùkú rẹ̀ ń mọ́ tó tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ìka rẹ̀ wú, wọ́n gbóná, kò lè di ìyarun mú mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó ń fi eyín ṣí ike omi, tó ń sunkún. Mo wá ẹni tí mo lè lù, mi ò rí. Dókítà ní àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa lé àìsàn, ni wọ́n kọjú ìjà sí oríkèé rẹ̀. Ó ní bí ìjà náà bá pẹ́, àwọn ìka yẹn máa wọ́, wọn ò sì ní nà mọ́.

Nọ́ọ̀sì Hephzibah ló bá wa sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ó ní kí Lubabah máa lo oògùn rẹ̀, kó má fi hóró kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó tún dán oúnjẹ àwọn ará àtijọ́ wò, àwọn tí kò tíì mọ oko dídá: ẹran, ẹja, ewé, èso, iṣu díẹ̀. Kó yé jẹ ìrẹsì, àgbàdo, búrẹ́dì, mílíìkì àti ṣúgà. Kó yé jẹ ẹ̀wà àti ohunkóhun tó bá ẹ̀wà tan. Ó yọ tòmátì, ó yọ ata. Mo ní kó tún ti ata yẹn sọ, ó sì tún un sọ. Ó ní ó ń bá àwọn kan lára mu, kì í bá àwọn mìíràn mu, nítorí náà kí Lubabah máa kọ gbogbo ohun tó bá jẹ sínú ìwé.

Oúnjẹ ẹran ni, èmi ni mo sì ni ẹran. Mo gbà pé ìjà tèmi ti dé. Lójoojúmọ́ ni mo ń la ẹsẹ̀ màlúù, tí mo ń sè é lẹ́yìn tábìlì mi fún wákàtí mẹ́rin, tí mo ń gbé omi rẹ̀ lọ fún un nínú fúláàsì. Lóṣù kejì, ìka rẹ̀ rọlẹ̀. Ó dirí fún oníbàárà méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo sì lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún. Ṣùgbọ́n omi ẹran tí kò lata dà bí omi tí wọ́n fi ṣan abọ́, ó ti ń sú u. Mo bá fi atalẹ̀, efinrin àti irú díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń mu ún tán.

Jùbrílù àbúrò mi kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ìrẹsì ọ̀fàdà ló ń tà ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Bó bá wá kí wa, á ní, "Ìyàwó wa, Ẹ̀gbá wo ló kọ ọ̀fàdà? Ṣé o ti di òyìnbó ni?" Lubabah á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, àwọn ìka náà tún wú, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Mo wọ ilé ìdáná, mo rí ewé tí wọ́n fi pọ́n ọ̀fàdà, hóró ìrẹsì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo mú àáké, mo gun ọ̀kadà, ó di Òṣíẹ̀lẹ̀.

Jùbrílù ń wọn ìrẹsì lọ́wọ́. "Bọ̀dá mi, ẹ kú ọ̀sán," ló wí. Mo gbá a lẹ́nu. Ó ṣubú lu àpò ìrẹsì, àpò ya, ìrẹsì sì dà bò ó. Mo ta á nípàá níhà lẹ́ẹ̀mejì.

"Bọ̀dá, kí ni mo ṣe?"

"O fẹ́ ba ọwọ́ ìyàwó mi jẹ́."

Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè láti fi bo orí. Mo fi ẹ̀yìn àáké gbá ọwọ́ náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ bí eegun ṣe ń dún, nítorí náà mo ti mọ̀ pé ó dá kó tó figbe ta. Mo tún gbé àáké sókè. Ọkùnrin mẹ́rin ló dì mí mú, mo sì bu ọ̀kan nínú wọn jẹ léjìká títí ẹ̀jẹ̀ fi kún mi lẹ́nu. Ìrẹsì tó wà nílẹ̀ ti pupa.

Lọ́jọ́ kejì, Lubabah gbé fóònù ka orí tábìlì, Nọ́ọ̀sì Hephzibah ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Lubabah kò wò mí.

"Jùbrílù ló jẹ ọ̀fàdà yẹn níwájú mi," ló wí. "Ó ní òun ń bá mi jẹ tèmi. A jọ rẹ́rìn-ín."

Ó ka ìwé rẹ̀ sétí nọ́ọ̀sì. Omi ẹran ọkọ mi, omi ẹran ọkọ mi, ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀.

"Bàbá Usamah, kí lẹ ń fi sí i?" ni nọ́ọ̀sì bi mí.

"Iyọ̀, atalẹ̀, efinrin. Irú díẹ̀."

"Irú?"

"Irú nìkan."

"Ìbátan ẹ̀wà ni irú, ẹ jọ̀ọ́. Òmíràn tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí, ẹ̀wà sóyà gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é."

Mo ní irú kì í ṣe ẹ̀wà, irú ni. Ta ló ń ka irú mọ́ oúnjẹ nílẹ̀ yìí? Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè búra pé irú ló fà á. Ó ní ìbẹ̀rù àti àìsùn náà máa ń jí àìsàn yìí. Ó wá béèrè bóyá àlàáfíà wà nínú ilé. Lubabah pa ìwé rẹ̀ dé.

Lubabah ló ní dandan kí Jùbrílù wá máa gbé lọ́dọ̀ wa títí apá rẹ̀ á fi jinná. Wọ́n ti di apá ọ̀tún náà láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka, ètè rẹ̀ sì ti wú. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó dé, mo gbé iṣu àti ẹja kalẹ̀, kò sí irú nínú rẹ̀. Mo yọ egungun ẹja, mo bù ú sọ́wọ́, mo gbé e lọ sẹ́nu ìyàwó mi. Ó pa ẹnu dé.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Bàbá Usamah."

"Wàá jẹun."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bẹ̀rù ọwọ́ yìí. Ẹ ní ẹ ò lù mí rí. Mo ń ka ọjọ́ tó máa kàn mí ni."

Ọmọ àfáà ni Lubabah. Bí o bá fi ọwọ́ òsì fún un ní ṣéńjì, kò ní gbà á. Jùbrílù wo apá rẹ̀ tí wọ́n dì, ó wò mí, ó sì fi ọwọ́ òsì bu iṣu, ó gbé e síwájú ẹnu Lubabah.

"Ìyàwó wa, má bínú, ọwọ́ òsì ni," ló wí.

Lubabah la ẹnu, ó gbà á, ó ń jẹ ẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí tábìlì. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n.